Kí Bátìrì Tó Kú: Ọ̀rọ̀ lórí Ìtọ́jú Eré tí a Pa Mọ́ sínú Kásẹ́ẹ̀tì Àtijọ́

 Àwọn àgbà a máa wí pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà láàárín ènìyàn sí ènìyàn. Ṣùgbọ́n nínú eré tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, òdì kejì rẹ̀ ni ó rí: bí ẹ̀rọ bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, eré bàjẹ́ nìyẹn.

Eré ojú amóhùn-máwòrán ni mo ń wí, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní géèmù. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, inú ike pẹlẹbẹ ni wọ́n máa ń kó eré kọ̀ọ̀kan sí, tí a ó sì tì í bọ inú ẹ̀rọ kí ó tó ṣiṣẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí téèpù nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ohun méjì ni ó wà níbẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Èkíní ni eré náà fúnra rẹ̀, bí ilé-iṣẹ́ ti ṣe é. Èkejì ni ibi tí ẹni tí ó ń ṣeré bá a dé: orúkọ tí ó fún ara rẹ̀, ohun tí ó kó jọ, àwọn ọ̀tá tí ó ṣẹ́gun, iye wákàtí tí ó lò. Èkejì yìí ni n ó máa pè ní ìpamọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sì mú wá kò ju ẹyọ kan lọ: eré fúnra rẹ̀ ní ẹ̀dà káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ìpamọ́ kò ní ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ, ẹni tí ó ni ín nìkan ni ó sì lè gbà á là.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1983 ni ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé ẹ̀rọ eré tí wọ́n pè ní Family Computer jáde ní ilẹ̀ Japan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ náà, bí a bá ti pa iná ẹ̀rọ, làálàá ọjọ́ náà di asán. Nígbà tí eré Dragon Quest jáde ní 1986, ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí ẹ̀rọ kọ ogún àmì ọ̀rọ̀ sí ojú amóhùn-máwòrán, kí ẹni tí ó ń ṣeré sì dà wọ́n kọ sínú ìwé. Bí ó bá ṣi ọ̀kan kọ, ẹ̀rọ kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ní 1987, The Legend of Zelda dé Amẹ́ríkà nínú kásẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ wúrà, bátìrì kékeré kan sì wà nínú rẹ̀ tí ń ṣọ́ ìpamọ́. Ọgbọ́n yìí gbilẹ̀ títí dé orí Game Boy, ẹ̀rọ eré alágbèéká tí ó jáde ní 1989, àti eré Pokémon tí ó kọ́kọ́ jáde fún un ní Japan ní 1996.

Báwo wá ni bátìrì ṣe ń ṣọ́ ohun tí a kò lè fi ojú rí? Ẹ fojú inú wo ọpọ́n ayò tí àwọn ọ̀rẹ́ méjì ń ta lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀ ṣú bá wọn. Wọ́n fi ọmọ ayò sílẹ̀ bí ó ti wà, wọ́n sì ní kí ọmọdékùnrin kan jókòó tì í, kí ewúrẹ́ má baà tú u ká. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ náà bá lajú sílẹ̀, eré ń bẹ níbẹ̀. Bí oorun bá gbé e lọ, kò sí ẹni tí yóò mọ ibi tí wọ́n bá a dé mọ́. Ègé ìrántí inú kásẹ́ẹ̀tì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní SRAM, ni ọpọ́n náà. Kò lè dá ohunkóhun rántí bí iná kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ, tí ó rí bí owó kọ́bọ̀, ni ọmọdékùnrin náà.

Ìṣọ́ yìí kì í ṣe títí ayé. Òmíràn lè lo ọdún mẹ́wàá, òmíràn lè lo ogún ọdún, àwọn kan sì ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò ní kú. Àwọn kan tilẹ̀ ń yára kú ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Pokémon Gold àti Silver, tí ó jáde ní Japan ní 1999, ní aago tí ń ka ọ̀sán àti òru nínú, bátìrì kan náà ni ó sì ń bọ́ aago àti ìpamọ́. Ti Ruby àti Sapphire, tí ó tẹ̀lé wọn ní 2002, yàtọ̀. Irú ìrántí tí kò gbára lé iná ni wọ́n lò fún ìpamọ́ tiwọn; bí bátìrì bá kú, aago nìkan ni yóò dúró. Nítorí náà, ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fò sókè tàbí kí ó tó fọkàn balẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí pé, “Eré ọmọdé lásán ni èyí, kí ni ó kan àgbàlagbà níbẹ̀?” Eré ọmọdé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti dàgbà. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 1998, nígbà tí Pokémon Red àti Blue dé Amẹ́ríkà, ti lè di òbí lónìí. Bí ó bá jẹ́ pé òun àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ lo kásẹ́ẹ̀tì náà, orúkọ tí àbúrò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ síbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí àbúrò náà kò bá sí láyé mọ́ ńkọ́? Kò sí ẹni tí í fi ẹni tí ó tọ́jú gèlè ìyá rẹ̀ sínú àpótí ṣe ẹlẹ́yà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni èyí rí.

Àwọn ẹgbẹ́ kan ń ṣiṣẹ́ takuntakun lórí ìtọ́jú eré. Ní 2023, Video Game History Foundation ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé, nínú ọgọ́rùn-ún eré àtijọ́ tí ó jáde ní ilẹ̀ náà, nǹkan bí 87 ni kò sí lórí àtẹ mọ́. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n eré fúnra rẹ̀ ni ìwádìí wọn dá lé. Kò sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tí yóò wá kan ilẹ̀kùn wa láti béèrè ìpamọ́ inú dúrọ́ọ̀ wa.

Kí ni kí á ṣe nígbà náà? Ohun àkọ́kọ́ ni ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe: ẹ má ṣe yọ bátìrì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n gbọ́ pé bátìrì ti gbó, wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ fún alátùn-únṣe, òun náà sì fi òtítọ́ inú yọ ògbólógbòó kí ó lè fi tuntun sí i. Lójú ẹsẹ̀ tí ó yọ ọ́, ìpamọ́ ti lọ. Ẹ̀dà ni ó ń ṣáájú. Bátìrì ni ó ń tẹ̀lé e.

Èkejì, kí á fi òwú àti díẹ̀ nínú sípíríìtì tí wọ́n ń pè ní isopropyl nu ẹnu irin kásẹ́ẹ̀tì náà, kí á sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ìdọ̀tí níbẹ̀ a máa mú kí ẹ̀rọ ka òǹkà sódì.

Ẹ̀kẹta, kí á wá ẹ̀rọ tí ń ka kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà. GBxCart RW wà fún ìdílé Game Boy. Retrode wà fún kásẹ́ẹ̀tì Super Nintendo àti Mega Drive. Okùn USB ni a fi ń so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà. Fáìlì tí yóò jáde kò tóbi rárá: ti Zelda jẹ́ báìtì 8,192, ti Pokémon Red sì jẹ́ 32,768. Kí á kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí á sì fi fáìlì méjèèjì wé ara wọn. Bí wọn kò bá dọ́gba, kí á tún irin nù. Ẹ kíyè sí i gidigidi pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní àṣẹ “kà”, ó sì tún ní àṣẹ “kọ”. Ẹni tí ó bá tẹ “kọ” nígbà tí ó yẹ kí ó tẹ “kà” ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tí ó wá gbà là.

Ẹ̀kẹrin, kí á kọ orúkọ àti ọjọ́ sára fáìlì náà, kí á ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn sì wà níbi tí kì í ṣe ilé wa. Lẹ́yìn èyí ni a lè pe alátùn-únṣe kí ó fi òjé yíyọ́ lẹ bátìrì tuntun mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tí a fi ka ìpamọ́ jáde náà ni a ó fi dá a padà sílé.

Ẹnìkan lè béèrè bóyá òfin lòdì sí èyí. Eré fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun-ìní ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ sì ń dáàbò bò ó. N kò wá gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti máa pín in kiri. Ìpamọ́ tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni mo ń wí.

Bí bátìrì bá ti kú ṣáájú ńkọ́? Àwọn àgbà ní omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Òtítọ́ ni, bátìrì tuntun yóò jẹ́ kí á lè bẹ̀rẹ̀ eré lákọ̀tun. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé omi tí a ó tún pọn kì í ṣe omi àná. Orúkọ tí àbúrò tẹ̀ síbẹ̀ kò ní padà wá.

Ẹ̀yin olùwòran wa, bátìrì kì í ké kí ó tó kú. Ẹni tí irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ bá wà nílé rẹ̀, kí ó tan án wò ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí orúkọ bá ṣì ń bẹ lójú rẹ̀, a jẹ́ pé ọmọ tí ń ṣọ́ ọpọ́n kò tíì sùn. Kí á yára kí á tó pẹ́ jù.