Ìmúra fún Òkè Gígùn ní Ìbàràpá

Bí a bá ní kí àwọn ọ̀dọ́ wá ká lọ gun òkè, bàtà àti ẹ̀rọ ayàwòrán ni wọn a kọ́kọ́ máa bèèrè. Omi ni èmi máa ń kọ́kọ́ bèèrè.

Ìdèrè ni ó kọ́ mi. Nígbà tí sòbìà ń bá ìlú náà jà, omi tí ó mọ́ lójú lásán ni ó ń gbé e wá. Ẹni tí ó mu ún kò ní mọ ohunkóhun fún nǹkan bí ọdún kan, kí aràn náà tó yọ sí i lẹ́sẹ̀, tí kò sì ní lè dé oko mọ́. Ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde pé Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, àrùn inú omi kò tán: ẹ se omi yín, kí ẹ sì gbé e láti ilé.

Ìgbà ẹ̀rùn ni mo fara mọ́, nítorí pé òjò a máa mú kí àpáta yọ̀. Ẹ̀rùn náà ní iná ìgbẹ́ tirẹ̀, ẹ má gbàgbé. Ẹ tètè jí, kí oòrùn má baà ká yín mọ́ orí àpáta.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbà lè kọjá sí Adó-Àwáyé, níbi tí adágún Ìyáàkẹ́ wà lórí òkè. Ṣùgbọ́n níbikíbi, ẹ kọ́kọ́ kí àwọn àgbà ìlú, kí ẹ sì bẹ ẹni tí ó mọ̀nà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan pe èyí ní àṣejù. Wọ́n ṣìnà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọdẹ kan ni ó rí iná tọ́ọ̀ṣì wọn.