Níbo ni Ìhìnrere Máàkù Parí Sí?

Ẹsẹ méjìlá péré ni mo gbé wá: Máàkù orí 16, láti ẹsẹ 9 dé 20. Lórí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníwàásù wa gbé àdúrà ìwòsàn kà.

Síbẹ̀, ìwé àfọwọ́kọ méjì tí ó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tí orí náà wà nínú wọn, Sinaiticus àti Vaticanus ti ọ̀rúndún kẹrin, parí sí ẹsẹ 8, níbi tí ẹ̀rù ti lé àwọn obìnrin kúrò ní ibojì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà pé ẹlòmíràn ni ó kọ ìyókù. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 180, Irenaeus ti tọ́ka sí ẹsẹ 19 gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Máàkù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná.

Ẹ rántí òru Ẹ̀fẹ̀. Bí akọrin bá fi ẹsẹ tirẹ̀ kún orin baba rẹ̀, ẹni tí etí rẹ̀ là mọ ibi tí ohùn ti yí. Kò tìtorí ìyẹn pe orin náà ní irọ́.

Èrò mi ni pé kí a sọ òtítọ́ yìí fún ìjọ. Àdúrà ìwòsàn kò ní pàdánù ohunkóhun: nínú Máàkù orí 6, ẹsẹ 13, tí a kò jiyàn lé lórí, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn fi òróró pa aláìsàn lára, ara wọn sì yá. Ṣùgbọ́n ìlérí pé májèlé kò ní pa ẹni tí ó bá mu ún, nínú Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹsẹ 18 yìí nìkan ni ó ti wà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ dán an wò.