Ọ̀gá Àkọ́kọ́: Kí Ló Yẹ Kí Dírẹ́bà Tírélà Tuntun Wò Kó Tó Gba Kọ́kọ́rọ́?

   

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣèlérí pé a máa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí ọ̀rọ̀ báǹkì àti CV. Rárá o. Tírélà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ẹ má tíì sá lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Mo ní àbúrò kan, ọmọ àbúrò màmá mi ni. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe ọmọ mọ́tò. Ó sùn sábẹ́ tírélà ní Mile 2, ó fi omi inú kẹ́ẹ̀gì wẹ̀ ní Ògèrè, ó mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táyà lóru pẹ̀lú iná fóònù. Lọ́dún tó kọjá, ó gba láísẹ́ǹsì tirẹ̀. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi: "Àǹtí mi, mo ti di dírẹ́bà o!" Inú mi dùn débi pé mo gbé e sórí státọ́ọ̀sì mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, iṣẹ́ méjì yọjú lẹ́ẹ̀kan náà.

Èkíní, ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó ọjà láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Owó oṣù wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Wọ́n sì ní fún oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà àgbà kan ló máa jókòó sí, tí wọ́n á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Èkejì, ọ̀gá kan tó ní tírélà méjì, tó ń kó kọ̀ńténà láti Àpápá lọ sí Ìbàdàn. Kò sí owó oṣù níbẹ̀, iye tíríìpù tó o bá lọ ni wàá gbowó rẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹnu kà á, owó yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti èkíní. Kọ́kọ́rọ́ sì wà nílẹ̀: "Máa bọ̀ lọ́la."

Ó pè mí. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ kàwé. Èwo ni kí n gbà?"

Èmi tí mo kàwé yìí, mi ò wo iwájú, mi ò wo ẹ̀yìn. Sápá ò jẹ́ kójú ẹnikẹ́ni nínú wa ríran nígbà yẹn. Mo ní, "Lọ síbi tí owó wà jàre. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tó o fi ṣe ọmọ mọ́tò, ṣé o tún fẹ́ lọ jókòó ti dírẹ́bà ẹlòmíì ni?"

Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́ o.

Tíríìpù kẹta ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé láti 2021, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba àyè láti wọ Àpápá, Ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń pe ètò náà. Wọ́n ti gba àyè fún un, wọ́n ti gbé kọ̀ńténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà ogójì lé mọ́tò. Ó wá yípo mọ́tò bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọ mọ́tò. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹ kí irin tó ń di kọ̀ńténà mú, tí wọ́n ń pè ní twist lock, ti wọlé dáadáa. Méjì péré ló wọlé. Ẹ̀kẹta ti dípẹtà, kò yí. Wáyà ni wọ́n fi so ẹ̀kẹrin.

Ó pe ọ̀gá. Ọ̀gá ní, "Ṣé ìwọ lo máa kọ́kọ́ wà á ni? Ẹni tó wà á ṣáájú rẹ kò sọ nǹkan kan. Àsìkò ń lọ, gbéra!"

Ó ya fọ́tò igun yẹn ránṣẹ́ sí mi. Mo wò ó, Ojúẹlẹ́gba ni mo rántí. Ní 29 oṣù kìíní 2023, kọ̀ńténà já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba sórí bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò nísàlẹ̀, èèyàn mẹ́sàn-án kú. Ní 2015, kọ̀ńténà ti já bọ́ níbẹ̀ rí sórí mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́, èèyàn mẹ́ta kú. Mo máa ń gba abẹ́ afárá yẹn kọjá. Ẹ̀yin náà ń gba ibẹ̀.

Àbúrò mi kò gbéra. Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Owó tíríìpù méjì tó ti lọ ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ti fi ra táyà tó bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n tún pe bàbá rẹ̀ tó ṣe onídùúró fún un, wọ́n ní kó wá san èyí tó ṣẹ́kù. Bàbá pè mí. Wọn ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n kàn ní, "Ṣé ìwọ lo ní kó lọ síbẹ̀?" Ó tì mí lójú.

Bí mo ṣe gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀ nìyẹn, mo lọ sí gáréèjì tírélà ní Ògèrè, mo ń bi àwọn dírẹ́bà: tí ẹ bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, irú ọ̀gá wo lẹ máa wá? Bàbá kan tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà dá mi lóhùn: "Ọmọ mi, ọ̀gá àkọ́kọ́ ló ń kọ́ èèyàn ní ohun tó yẹ kó bẹ̀rù. Tó bá kọ́ ẹ láti bẹ̀rù òun ju bíréèkì lọ, ó ti bà ẹ́ jẹ́."

Nínú ohun tí wọ́n sọ fún mi, àti èyí tí mo lọ kà, ìbéèrè mẹ́rin yìí ni mo mú bọ̀.

Ìkíní: mọ́tò wo lẹ fẹ́ gbé fún mi? Má wo ọ́fíìsì, má wo AC. Ní kí wọ́n fi mọ́tò náà gan-an hàn ẹ́. Wo táyà, bíréèkì, iná ẹ̀yìn, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ tó ń dín eré kù wà nínú rẹ̀, torí láti 2017 ni FRSC ti ń fi dandan mú un fún mọ́tò akérò àti akẹ́rù. Lẹ́yìn náà, wá dírẹ́bà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, níbi tí ọ̀gá kò sí, kó o sì ra ohun mímu fún un. Òótọ́ máa jáde.

Ìkejì: tí nǹkan bá bàjẹ́, ta ló ń san án? Ibí ni mo ti ya ẹnu sílẹ̀. Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, abala 5, kò gba ọ̀gá láyè láti dédé yọ owó òṣìṣẹ́ nítorí nǹkan tó bàjẹ́. Àfi tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ tàbí kò kọbi ara sí i, kí aláṣẹ ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sì ti fọwọ́ sí i nínú ìwé ṣáájú. Táyà àlòkù tó bẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Tìẹ kọ́. Abala 7 sì ní láàárín oṣù mẹ́ta, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún ẹ ní ìwé tó sọ iṣẹ́ àti owó ẹ. Òfin 2010 tún ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ fún NSITF, kí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí nǹkan gbà. Kọ́bọ̀ kan ò gbọdọ̀ ti àpò tìẹ jáde fún un. Béèrè bóyá wọ́n ń san án.

Ìkẹta: tíríìpù mélòó lóṣù, tá a bá yọ ọjọ́ ìdúró kúrò? Ká sọ pé ₦50,000 ni tíríìpù kan. Mẹ́fà lóṣù jẹ́ ₦300,000, ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n tó o bá dúró lórí ìlà títí tó fi jẹ́ mẹ́ta lo rí lọ, ₦150,000 nìyẹn, oúnjẹ ọjọ́ ìdúró sì ti jáde nínú ẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kó o wá gba tírélà háyà pọ́ṣéèsì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àkọ́kọ́, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó o máa lọ. Gbèsè ò ní jẹ́ kó o sùn, dírẹ́bà tí kò sùn sì rèé.

Ìkẹrin, èyí tó ṣe pàtàkì jù: tí mo bá ní mọ́tò yìí kò ṣeé gbé jáde lónìí, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Béèrè lójú ọ̀gá, kó o wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn. Tó bá bínú sí ìbéèrè lásán, o ti rí ìdáhùn ẹ.

Mi ò sọ pé gbogbo ọ̀gá onímọ́tò kan ló burú o. Bàbá tó bá mi sọ̀rọ̀ yẹn, ọwọ́ onímọ́tò kan ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti wakọ̀ rí, kì í sì í gbé mọ́tò tí bíréèkì rẹ̀ kò dára síta. Ilé-iṣẹ́ ńlá náà wà tó jẹ́ pé bọ́ọ̀dù wọn nìkan ló dára.

Àbúrò mi ńkọ́? Ó padà sí ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n ti gba ẹlòmíì. Ó tún ṣe ọmọ mọ́tò fún oṣù mẹ́ta pẹ̀lú láísẹ́ǹsì nínú àpò. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló gbà á báyìí. Ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà àgbà ló jókòó sí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó gbé mọ́tò lé e lọ́wọ́. Owó tíríìpù méjì yẹn, a ò tíì rí i gbà. A ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó béèrè ìbéèrè kẹrin. Ó ní ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Pe mẹkáníìkì, kó o lọ jókòó." Ó gba iṣẹ́ náà.

Tí ẹ bá ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i kó tó gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp: kí ni ọ̀gá àkọ́kọ́ yín kọ́ yín? Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀nà á dára o.