Ìwé Idán Nínú Ilé-Ìkàwé Ìjọba: Kí Ni Ẹ̀sìn Sọ Sí I?

  

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, ilé-ìkàwé ìjọba jẹ́ ti gbogbo ará ìlú; owó gbogbo ará ìlú ni wọ́n sì fi ń ra ìwé sí i. Lára ìwé tí ó máa ń wà níbẹ̀ ni àwọn tí ń kọ́ ọmọdé bí ẹyọ owó ṣe ń di àwátì ní àtẹ́lẹwọ́, bí ènìyàn ṣe lè mọ káàdì tí ẹlòmíràn mú láì wò ó, àti bí okùn tí wọ́n gé sí méjì ṣe ń padà di odidi. Ǹjẹ́ ó yẹ kí Mùsùlùmí tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìkàwé fọwọ́ sí ríra irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ǹjẹ́ ó yẹ kí bàbá Mùsùlùmí dákẹ́ bí ọmọ rẹ̀ bá yá a wá sí ilé? Àwọn kan ti dáhùn kí wọ́n tó gbọ́ ìbéèrè náà tán: idán ni, síhírì ni idán, èèwọ̀ ni síhírì, nítorí náà kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ìtara ẹ̀sìn ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀, ìtara sì dára, ṣùgbọ́n ìtara tí ìmọ̀ kò bá tì lẹ́yìn a máa ṣi ojú ibi gbé.

Inú ọ̀rọ̀ “idán” gan-an ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Egúngún tí ó di ọ̀nì lójú agbo, onídán ni Yorùbá ń pè é. Professor Peller, ọmọ Ìsẹ́yìn, tí ó kú ní 1997, tí ọmọdé àti àgbà ń wọ́ lọ wò, onídán ni wọ́n pè é. Ẹni tí ó ń bá àlùjọ̀nnú dòwò pọ̀ láti fi ba ilé onílé jẹ́, àwọn kan tún ń pe tirẹ̀ ní idán. Èdè Lárúbáwá ní orúkọ méjì: síhírì, àti sha‘wadha, èyí tí í ṣe yíyára ọwọ́ àti yíyí ojú òǹwòran kúrò níbi tí iṣẹ́ gbé ń lọ. Òótọ́ ni pé Imāmu Fakhruddīn ar-Rāzī, tí ó kú ní ọdún 606 lẹ́yìn Hijra (1210), ka sha‘wadha mọ́ oríṣi mẹ́jọ tí ó pín síhírì sí. Èyí ni àwọn tí ó fẹ́ kó ìwé dànù máa ń dì mú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìpín mẹ́jọ náà dé ìparí yóò rí i pé òfófó ṣíṣe wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ aago náà sì wà nínú rẹ̀. Ar-Rāzī fúnra rẹ̀ sọ nípa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pé kò yẹ kí a kà á sí síhírì ní ti òdodo, nítorí pé ó ní ìdí tí a mọ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì mọ ìdí náà lè ṣe é. Kò sí onímímọ̀ tí ó sọ pé ìdájọ́ kan náà ni ó wà fún ẹni tí ó to aago àti ẹni tí ó sin àlùjọ̀nnú.

Ẹ wo Àlùkùráánì. Nínú Súrà keje, Al-A‘rāf, àti Súrà ogún, Tā Hā, Ọlọ́hun ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin Ànábì Mùsá àti àwọn onídán Firiaona. Wọ́n ju okùn àti ọ̀pá wọn sílẹ̀. Àlùkùráánì kò sọ pé okùn náà di ejò. Ó sọ pé wọ́n mú ojú àwọn ènìyàn, ó sì wá dà bíi pé àwọn okùn náà ń sáré kiri. Imāmu Abū Bakr al-Jassās, àgbà onímímọ̀ ní ọ̀nà ti Hanafī, tí ó kú ní ọdún 370 lẹ́yìn Hijra (981), mẹ́nu ba àlàyé kan nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn ìdájọ́ inú Àlùkùráánì: pé mẹ́kúrì ni wọ́n rọ sínú okùn àti ọ̀pá náà, nígbà tí ooru sì mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ta ni ó kọ́kọ́ gba Mùsá gbọ́ ní ọjọ́ náà? Kì í ṣe ọ̀pọ̀ èrò tí ó wá wòran. Àwọn onídán fúnra wọn ni. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ forí kanlẹ̀, nítorí pé wọ́n mọ iṣẹ́ wọn dé ìpẹ̀kun. Wọ́n mọ ohun tí ẹ̀tàn ọwọ́ lè ṣe, wọ́n sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ parí sí. Nígbà tí ọ̀pá Mùsá gbé gbogbo rẹ̀ mì, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìgbà tí ẹnìkan bá là á yé wọn pé èyí kò ti ọwọ́ ènìyàn wá. (Firiaona ní tirẹ̀ ní Mùsá ni ọ̀gá tí ó kọ́ wọn níṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ká ẹ̀tàn mọ́ lọ́wọ́ kì í ṣàìrí ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù.)

Ìdí nìyí tí àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ kò fi sá fún kíkọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ibn an-Nadīm, tí ń ta ìwé ní Bàgídádì, ya apá kan sọ́tọ̀ fún ìwé àwọn onídán nínú àkójọ orúkọ ìwé ńlá tí ó ṣe ní ọdún 377 lẹ́yìn Hijra (987). Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, al-Jawbarī, ọmọ agbègbè Dàmásíkù, kọ odidi ìwé láti tú àṣírí àwọn tí ń pe ara wọn ní wòlíì, àwọn tí ń díbọ́n bí ẹni mímọ́, àti àwọn tí ń sọ pé àwọn lè sọ irin di wúrà. Ó ṣàlàyé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Reginald Scot ṣe irú rẹ̀ ní 1584: ó fi bí wọ́n ṣe ń pa idán owó àti káàdì hàn, kí wọ́n má baà máa ka ẹ̀tàn ọwọ́ sí iṣẹ́ àjẹ́, kí wọ́n sì máa pa aláìṣẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ohun tí ó tún yẹ kí ó ká Mùsùlùmí lára jù èyí lọ ṣẹlẹ̀ ní Àlìgéríà. Ní 1856, lẹ́yìn ọdún 26 tí àwọn Faransé ti wọ ilẹ̀ náà, ìjọba wọn rán onídán kan tí ń jẹ́ Jean-Eugène Robert-Houdin lọ sí Algiers. Àwọn àáfà kan ń fi iṣẹ́ ìyanu mú kí àwọn ènìyàn kọ ọ̀rọ̀ sí àwọn Faransé lẹ́nu. Iṣẹ́ Robert-Houdin ni láti fi hàn pé agbára Faransé ju tiwọn lọ. Wọ́n kó àwọn olóyè Lárúbáwá jọ sí ilé eré. Ó gbé àpótí kékeré kan kalẹ̀, ó ní kí ọkùnrin alágbára kan gbé e, ó sì gbé e tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Ó wá ní òun ti gba agbára ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà gbìyànjú títí, àpótí kò mì. Lẹ́yìn náà ni iná ẹ̀lẹ́tíríkì gbọ̀n ọ́n jìnnìjìnnì, ó sì sá jáde. Irin ni wọ́n fi ṣe ìdí àpótí náà. Òòfà tí ń lo iná ẹ̀lẹ́tíríkì ni wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ pèpéle. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1858, Robert-Houdin tẹ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní èdè Faransé, ó sì sọ gbogbo bí ó ṣe ṣe é nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ráyè ka ìwé náà ní Paris yóò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó wà ní Algiers tí kò rí i kà ni ẹ̀rù ń bà. Ìwé nìkan ni ó wà láàrin àwọn méjèèjì.

Ẹ má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ni ó ti ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láti san owó fún àwọn tí ó ní àwọn lè fọ bébà dúdú di owó. Òmíràn wé láwàní, ó gbé bébà funfun lé alárìn-ín-wò lọ́wọ́, ó ní kí ó yá a nínú iná àtùpà, orúkọ ọ̀tá sì yọ lára rẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni ó fi kọ ọ́. Bí ó bá gbẹ, kò hàn mọ́, bí ooru bá kàn án, yóò pọ́n yọ. Nítorí orúkọ tí ọsàn wẹ́wẹ́ kọ, ọmọ ìyá méjì lè má bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ikú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó ti ka ìwé idán kan ní ilé-ìkàwé yóò sọ fún bàbá rẹ̀ pé, “Bàbá, mo mọ èyí ṣe.”

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tí kò fara mọ́ ọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfo. Wọ́n ní ẹ̀tàn ni, Ànábì sì kọ̀ fún ni láti tan ọmọnìkejì jẹ. Òótọ́ ni fún ẹni tí ó fi ń pe ara rẹ̀ ní alágbára, tàbí tí ó fi ń gba owó olówó. Ẹni tí ó sọ ní gbangba pé eré ọwọ́ ni òun ń ṣe, tí òǹwòran náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Síbẹ̀ eré pàápàá ní ààlà: nínú Hádíìsì tí Abū Dāwūd gbà wá, àwọn kan mú nǹkan ọ̀rẹ́ wọn tí ó sùn láti fi ṣeré, ẹ̀rù bà á nígbà tí ó jí, Ànábì sì sọ pé kò tọ́ kí Mùsùlùmí dẹ́rù ba Mùsùlùmí. Kí àwọn òbí fi èyí kọ́ ọmọ tí ó bá yá irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ìwé síhírì gidi ni kò ní àwíjàre. Súrà kejì, áyà 102, fi hàn pé ohun tí àwọn ṣàítáánì ń kọ́ ènìyàn ni èyí tí ń ya ọkọ àti aya nípa. Ó sì wẹ Ànábì Sulaimān mọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ar-Rāzī sọ pé mímọ̀ ọ́n lásán kì í ṣe èèwọ̀, ṣùgbọ́n Ibn Kathīr (tí ó kú ní 774 lẹ́yìn Hijra, 1373) ta kò ó gidigidi, ọ̀rọ̀ Ibn Kathīr ni ó sì múná jù. Ìtìjú tí ó wà níbẹ̀ ni pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní ilé-ìkàwé ìjọba tó bí ó ti wà nínú àpò àwọn tí ń tẹ yanrìn. Shams al-Ma‘ārif, tí wọ́n ń pè mọ́ orúkọ Ahmad al-Būnī, tí ó kún fún hàǹtú àti orúkọ àlùjọ̀nnú, èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn kan ń bínú sí ìwé káàdì ọmọdé, ìwé yìí sì wà ní abẹ́ ìrọ̀rí wọn.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ti ya nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. Nínú ètò tí Melvil Dewey gbé kalẹ̀ ní 1876, 793.8 ni nọ́ńbà ìwé idán àfọwọ́ṣe, láàrin àwọn eré ìdárayá, nítòsí ìwé ẹṣẹ́ṣì tí ó wà ní 794.1. Ìwé àjẹ́ àti ìbẹ̀mí-lò wà ní 133. Ìwé Ìsìlámù wà ní 297. Ìkéde UNESCO lórí ilé-ìkàwé gbogboògbò, ti 1994, sọ pé kí wọ́n má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn dí ìwé lọ́nà. Òfin yẹn kan náà ni kò jẹ́ kí ẹlòmíràn lè wá ní kí wọ́n kó ìwé 297 kúrò.

Nítorí náà, Mùsùlùmí tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ lè fọwọ́ sí ìwé 793.8 láìbẹ̀rù. Kí ó wò ó kí wọ́n má to ìwé 133 mọ́ ọn ní ibi ìwé àwọn ọmọdé, nítorí pé níbẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń wáyé bí ẹni tí ń to ìwé bá kàn wo àkọlé lásán. Kí ó sì béèrè iye ìwé tí ó wà ní 297, àti ọdún tí wọ́n rà á kẹ́yìn.