Oṣù Méje Nínú Ọdún 1975: Ẹ̀kọ́ fún Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo fẹ́ kí á jọ yẹ oṣù méje péré wò, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975 títí dé òpin oṣù keje rẹ̀. Àwọn bàbá tí wọ́n ń ti Agége lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà nígbà náà kò jẹ́ gbàgbé rẹ̀. “Ìgbà Udoji” ni wọ́n ń pè é.

Níbo ni owó Udoji ti wá? Ogun ló bí i. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 1973, tí í ṣe ọjọ́ kẹwàá oṣù Ramadan, Íjíbítì àti Síríà gbógun ti Ísírẹ́lì láti gba ilẹ̀ wọn padà. Àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá, tí Ọba Faisal ti Saudi Arabia wà lára aṣáájú wọn, dáwọ́ epo títà fún Amẹ́ríkà dúró. Nígbà tí ọdún 1974 fi bẹ̀rẹ̀, iye owó epo rọ̀bì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Nàìjíríà kò jagun, ṣùgbọ́n owó epo ya wọlé fún wa bí òjò.

Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ dábàá owó-oṣù tuntun fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon fọwọ́ sí i ní ìparí ọdún 1974. Owó tó kéré jù di náírà 720 lọ́dún, wọ́n sì kà á láti oṣù kẹrin ọdún náà, tó fi jẹ́ pé àjẹsílẹ̀ oṣù púpọ̀ bọ́ sọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni, irú àwọn tó kún Ìkẹjà, daṣẹ́ sílẹ̀ láti béèrè tiwọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ìsìláàmù kórìíra kí á fi owó lébìrà falẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni a fi owó náà ṣe? Àjẹìwẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ jẹ ẹ́. Wọ́n ra alùpùpù, wọ́n ra ẹ̀rọ orin, wọ́n náwó àríyá. Ọjà gbówó lórí. Ní ọdún 1975 ó fi ohun tó lé ní 30 nínú ọgọ́rùn-ún ga. Ìjọba pàápàá ra sìmẹ́ǹtì ní àrajù, títí ọkọ̀ òkun tó lé ní 400 fi tò sí etí òkun Èkó láìríbi já ẹrù sí.

Agbára náà kò dúró. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta, ọmọ àbúrò Ọba Faisal yìnbọn pa á ní Riyadh. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, Saigon ṣubú, gbogbo ohun ìjà Amẹ́ríkà kò sì gbà á là. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún, Gowon gba àwọn orílẹ̀-èdè lálejò ní Èkó, wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù keje, ó wà ní Kampala níbi ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà nígbà tí àwọn ọmọ ogun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Murtala Muhammed tó rọ́pò rẹ̀ kò lò ju oṣù méje lọ kí wọ́n tó pa á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ rántí ìtàn Ànábì Yusuf nínú Àlùkùránì. Ọdún méje ọ̀pọ̀ dé bá Íjíbítì. Ó ní kí wọ́n tọ́jú ọkà pa mọ́ nínú ṣírí rẹ̀. Nígbà tí ọdún méje ìyàn dé, wọn kò kú. Àwa náà rí ìgbà ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n a kò kọ́ àká. Ẹ wo agbègbè wa yìí lónìí: ọgbà ilé-iṣẹ́ mélòó ni kò ti di gbọ̀ngàn àríyá?

Nítorí náà, bí owó iṣẹ́ àṣekún tàbí èrè òjijì bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, amáánà ni. Ẹ yọ sàká bí ó bá tó yọ. Ẹ tọ́jú òbí. Ẹ fi ìyókù kọ́ ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́, nítorí pé ìyẹn ni ọkà tí kòkòrò kì í jẹ.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí á rí ọ̀pọ̀ kí á ṣì í lò. Àmín.