Bí Àlejò Ṣe Lè Mọ Ìlú Èkó



Lójoojúmọ́ ni àwọn ọmọ wa ń ti Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú lọ wá iṣẹ́ sí Èkó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ ju orúkọ gáréèjì tí wọn ó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ. Àwọn àgbà wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun mẹ́ta ni àwa fẹ́ fi la ojú àlejò ní ìrọ̀lẹ́ yìí: omi Èkó, orúkọ àdúgbò rẹ̀, àti ilẹ̀ rẹ̀.

Èkíní ni omi. Erékùṣù ni Èkó láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀sà ni ó yí i ká. Ìdí nìyí tí ará Ìkẹjà tàbí Àgége fi ń wí títí di òní pé òun ń lọ sí Èkó, nígbà tí ó bá ń lọ sí erékùṣù náà. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi ni ènìyàn ń wọ̀ dé ibẹ̀. Ní ọdún 1901 ni a ṣí Afárá Carter. Ní ọdún náà gan-an ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí rìn láàrin Ìdó àti Ìbàdàn. Afárá Èkó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ẹ̀kẹta, tí a parí ní ọdún 1990, tí gígùn rẹ̀ súnmọ́ kìlómítà 12. Ní ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Mile 2 dé Marina. Síbẹ̀, afárá mẹ́ta wọ̀nyí ni mọ́tò ń gbà wọ erékùṣù náà, nítorí náà ni ọ̀nà ṣe ń dí. Kí ẹni tí ó ń wá yàrá kọ́kọ́ béèrè pé ìhà wo nínú omi ni iṣẹ́ òun wà. Ẹni tí ó gba yàrá olówó pọ́ọ́kú sí Ìkòròdú, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Marina, yóò máa jí ṣáájú àkùkọ, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì ti sùn kí ó tó wọlé.

Èkejì ni orúkọ. Àwọn kan wí pé láti inú èdè Ìbíní ni Èkó ti wá, pé ibùdó ogun ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn wí pé oko ni. Àwọn tí ó ti Sàró bọ̀ ni wọ́n tẹ̀dó sí Olówógbowó. Àwọn tí ó ti Bràsílì bọ̀ ni wọ́n kọ́ ilé sí Pópó Àgùdà. Àwọn ènìyàn Ọba Kòsọ́kọ́, tí wọ́n ti Ẹpẹ́ padà ní ọdún 1862, ni wọ́n sọ àdúgbò wọn ní Ẹpẹ́tẹ̀dó. Ẹ ò rí i pé àlejò ni ó kọ́ èyí tí ó pọ̀ nínú ìlú náà? Kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé má ṣe tijú láti béèrè ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀, níbẹ̀ ni ewu sì pọ̀ sí. Àlejò a máa rí i lára ògiri pé ilé báyìí kì í ṣe títà, a sì máa rẹ́rìn-ín pé, ta ni ó béèrè? Kì í ṣe ìgbéraga. Onílé ń kìlọ̀ ni, nítorí àwọn ẹlẹ́tàn a máa ta ilé onílé fún ẹni tí kò mọ ìlú, wọn a sì tún tà á fún ẹlòmíràn. Owó tí ènìyàn fi ogún ọdún kó jọ lè lọ ní ọ̀sán kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe san kọ́bọ̀ kí ó tó mọ ìdílé tí ó ni ilẹ̀ náà, kí ó tó sì wá ìwé rẹ̀ wò ní ọ́fíìsì ìjọba ní Aláùsá.

Ta ni kí àlejò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Kì í ṣe ẹni tí ó sáré wá gba ẹrù lórí rẹ̀. Kí ó lọ bá ìyá tí ó ń tajà sí ojú kan láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣí lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe rán ọmọ lọ láìjẹ́ pé ẹ ti bá ẹni tí yóò gbà á sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ará wa tí ó ti ń gbé Èkó, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ̀yin náà dé, kí ẹ sì jáde lọ pàdé ẹni tí ń bọ̀.