Ara Òṣìṣẹ́ Náà Fẹ́ Olùtọ́jú



Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2023, ní ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà, Damar Hamlin ṣubú lórí pápá bọ́ọ̀lù. Ọkàn rẹ̀ dákẹ́. Denny Kellington, olùtọ́jú àwọn eléré, wà lára àwọn tó sáré débẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ láyà. Hamlin yè, ó sì padà sórí pápá.

Ẹ̀kọ́ ló wà nídìí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, oyè kìíní ní yunifásítì tó fún iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 2022, wọn kò gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sí ti oyè kìíní mọ́. Oyè kejì ló di dandan. Wọ́n ń kọ́ nípa eegun àti iṣan, wọ́n ń fọwọ́ ṣe é lójú àwọn àgbà iṣẹ́, kí wọ́n tó ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ.

Èyí tó kàn wá nìyí: àwọn kan lára wọn wà ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n ń kọ́ òṣìṣẹ́ bí a ṣe ń gbé ẹrù kí ẹ̀yìn má baà yẹ̀.

Àwa tí à ń gbé àpò, tí à ń wa ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé ara tiwa kì í ṣe ara ni? Ẹ jẹ́ kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá pé kí ẹnì kan tó kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì wà ní ṣíìfù kọ̀ọ̀kan. Kí a sì sọ fún àwọn ọmọ wa tó fẹ́ràn eré ìdárayá pé ìwé wà nínú rẹ̀.

Ìlera loògùn ọrọ̀.